Kí ló dé tí òjò oníjì fi ń ti ìlà oòrùn bọ̀ nígbà tó jẹ́ pé etí òkun ni atẹ́gùn òjò ti ń wá?

OmoIwo:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá mi là á. Nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tísà jíọ́gíráfì wa kọ́ wa pé atẹ́gùn méjì ló ń bá wa ṣeré lọ́dọọdún, ọ̀kan láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, òun ló ń gbé omi òjò wá, èkejì láti aṣálẹ̀ ní àríwá ìlà oòrùn, òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ ní Ìwó tí mo wà yìí, òjò tó ń ṣí páànù, tó ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ń kó ìpayà bá àwọn adìẹ mi, n ò rí i kó ti apá Ìbàdàn ṣú wá, apá Ẹdẹ àti Òṣogbo ló máa ń gbà. Ìlà oòrùn pọ́ńbélé! Tí atẹ́gùn òjò bá ń fẹ́ láti òkun, ṣé kì í ṣe apá òkun ló yẹ kí òjò náà ti máa bọ̀ ni? Ta ló ń parọ́, tísà àbí ojú mi?

Sisi_Mushin:
😂😂 Èmi ò mọ jíọ́gíráfì o, àmọ́ ní Mushin níbí náà apá Ìkòròdú ló ti ń ṣú. Màmá mi ò ní wo fóònù, wọn ò ní gbọ́ ìròyìn, wọ́n á kàn yọjú lójú wíńdò wọ́n á ní "Ìkòròdú ti ṣú o, ẹ lọ ká aṣọ". Wọn kì í sì í ṣì í.

AgbeOkeOgun:
Ọmọ mi, ojú rẹ ò parọ́. Ṣakí lèmi wà, oko ni mo sì ń ro láti kékeré, bó o ṣe wí yẹn ló rí. Tó bá di oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ooru á mú láti òwúrọ̀, ewé ò ní mì. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ wàá rí àwọsánmọ̀ kan tó dúdú tó nà gbọọrọ láti àríwá dé gúúsù, gbogbo apá ìlà oòrùn á ti di, ìdí ẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ, ojú ọ̀run lábẹ́ ẹ̀ á funfun díẹ̀. Atẹ́gùn kékeré tó ti ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ á dáwọ́ dúró. Àwọn ẹran á ti mọ̀, wọ́n á ti forí lé ilé. Àfi gbìrà, atẹ́gùn tútù kan á já lulẹ̀, á gbé eruku dé ojú ọ̀run, ìyẹn gan-an ló ń wó ilé o, òjò ò tíì kán nígbà náà. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni òjò ńlá á wá da ara ẹ̀ sílẹ̀, kì í pẹ́ púpọ̀, ó tún wá di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó lè rọ̀ dalẹ́, àá máa gbọ́ àrá lókèèrè ní apá ìwọ̀ oòrùn níbi tó gbà lọ. Òjò tó bá ṣú láti apá òkun kì í sábà níjì nínú. Ohun tó fà á ni kí àwọn tó kàwé wá sọ.

BabaOde_77:
Ẹ̀ ń wá ohun tí ò sọnù. Ọya ló ni ìjì, ibi tó bá wù ú ló ń gbà. Ẹ ò gbọ́ oríkì ẹ̀ ni, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè lókè. Òyìnbó á ní atẹ́gùn báyìí atẹ́gùn báyẹn, ẹ bi wọ́n kí ló ń ti atẹ́gùn lẹ́yìn kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

OjuSanmo:
Ẹ kú ìjókòó gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni mo fi tọ́ ọmọ. Bàbá Ọdẹ, mi ò bá yín du Ọya o, kódà "lókè lókè" tí ẹ kì yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

OmoIwo, tísà rẹ ò parọ́, ojú rẹ náà ò parọ́, ibi tí tísà dúró sí ni kò tíì parí. Atẹ́gùn òkun tó kọ́ yín yẹn kò nípọn rárá. Nígbà òjò, tí èèyàn bá ń gùn ún lọ sókè láti ilẹ̀, bíi kìlómítà 1 sí 2 báyìí ó ti tán, atẹ́gùn tó wà lórí ẹ̀ ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Tí a bá dé bíi kìlómítà 3 sí 4, atẹ́gùn ìlà oòrùn yẹn á ti le, á máa sáré tó kìlómítà 40 sí 50 láàárín wákàtí kan, African Easterly Jet là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, AEJ la máa ń kọ kó yá. Òmíràn tún wà lórí ìyẹn, ní kìlómítà 12 sí 15, níbi tí àwọn bàlúù ńlá ń gbà, òun náà ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀, ó gba orí Íńdíà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni tiẹ̀, Tropical Easterly Jet.

Kí ló ń ti AEJ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe bi wá? Ooru ni. Sàhárà ń gbóná janjan nígbà ooru tiwọn, etí òkun wa níbí tutù jù ú lọ, ìyàtọ̀ ooru láàárín òkè ọya lọ́hùn-ún àti etí òkun yìí, pẹ̀lú bí ilẹ̀ ayé ṣe ń yí, ló ń di atẹ́gùn tó ń sáré láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn lókè. Nítorí náà bí òjò bá ga ju kìlómítà 2 lọ, orí ẹ̀ ti wọ inú atẹ́gùn ìlà oòrùn nìyẹn, ibi tí atẹ́gùn yẹn bá ń lọ ló máa gbé e gbà, ìdí ẹ̀ nìkan ló ń mu omi òkun. Òjò tó ní àrá nínú sì lè ga tó kìlómítà 15.

Sisi_Mushin:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun o, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ òkè lọ́hùn-ún ni atẹ́gùn yìí wà, kí ló wá pa á pọ̀ mọ́ páànù wa nílẹ̀ níbí?

OjuSanmo:
Ìbéèrè gidi nìyẹn àbúrò. Ẹ jẹ́ ká wo òjò tí kò ní atẹ́gùn lókè ná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ní omi nínú á gòkè, á di ìkùukùu, ìkùukùu á di òjò, òjò á wá rọ̀ padà sórí ọ̀nà kan náà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn ń gbà gòkè. Ó pa á. Ìkòkò ẹ̀kọ tó hó dànù sórí iná ara ẹ̀ ni. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan lọ, ó lè rọ̀ ní Ìwó kí Ẹdẹ má rí ìkán kan.

Tí atẹ́gùn òkè bá wá yàtọ̀ sí ti ilẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní wind shear nìyẹn, òjò á tẹ̀, omi ẹ̀ á máa rọ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tuntun á máa rí iwájú wọlé. Àwọn méjèèjì ò dí ara wọn lọ́nà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó kan páànù. Atẹ́gùn ìlà oòrùn tó wà ní kìlómítà 3 sí 4 yẹn gbẹ, á gba ẹ̀yìn òjò wọlé, omi òjò tó ń rọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá á máa di oru sínú ẹ̀, bó ṣe ń di oru bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń tutù, ṣé ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, á wá já wálẹ̀ wìì, kò sì ní fi eré tó ti ń sá lókè sílẹ̀ sọ́hùn-ún, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni. Atẹ́gùn tútù tí Bàbá Ṣakí ní ó máa ń ṣáájú òjò nìyẹn! Á sáré lọ síwájú, á pàdé atẹ́gùn òkun lójúkojú, á kì orí bọ abẹ́ ẹ̀, á gbé e sókè, òjò tuntun á ṣú síwájú ti àtijọ́. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìlú dé ìlú. Ẹ ò wá rí i pé atẹ́gùn méjèèjì tí tísà kọ́ yín ló ní ọwọ́ nínú ẹ̀.

Irú ìlà òjò bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án lórí òkè Jos tàbí àwọn òkè Kamẹrúùnù, kó gba ọ̀dọ̀ wa lóru, kó fi òwúrọ̀ kúrò ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Eré ẹ̀ máa ń tó kìlómítà 50 sí 60 láàárín wákàtí kan. OmoIwo, tó o bá ní ọ̀rẹ́ ní Òṣogbo pè é, tó bá ní ìjì ti dé ọ̀dọ̀ òun, wákàtí kan ò ní pé tàbí kó pé ráúráú kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

OmoIwo:
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ní àna kan ní Òṣogbo tó sì máa ń kùn pé mi ò kì í pe òun 😂 ìpè ti dé nìyẹn.

NormanBoy_OK:
Ẹ̀gbọ́n OjuSanmo ẹ kú làákàyè. Mo wà ní Norman ní Oklahoma, ìlú tó jẹ́ pé ojú ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, National Weather Center wà níbí. Ohun tí ẹ sọ yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbí àmọ́ tiwọn le ju tiwa lọ fíìfíì nítorí pé atẹ́gùn òkè tiwọn kì í ṣeré. Nígbà ìrúwé, atẹ́gùn ilẹ̀ ń gbé omi bọ̀ láti Gulf of Mexico ní gúúsù, tó o bá gòkè díẹ̀ atẹ́gùn á ti máa yí sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn, tó o bá dé bíi kìlómítà 10 jet stream, atẹ́gùn líle tó ń sáré lókè bí odò, ń gbá lọ láti ìwọ̀ oòrùn, ó lè ju kìlómítà 200 láàárín wákàtí kan lọ. Tí atẹ́gùn bá yàtọ̀ ní eré tó tún yàtọ̀ ní ọ̀nà tó kọjú sí, ó máa ń yí afẹ́fẹ́ po ní ìbúlẹ̀, òjò tó ń gòkè á wá gbé yíyí yẹn nàró, gbogbo òjò náà á máa yí bírí, supercell nìyẹn. Inú irú ẹ̀ ni àwọn tornado, ìjì tó ń yí bí ààjà, ńláńlá ti ń jáde, àti yìnyín tó ń fọ́ gíláàsì mọ́tò.

May 20, 2013, Moore tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tornado EF5, ìpele tó le jù, ló jà níbẹ̀, èèyàn 24 ló kú, àwọn ọmọ iléèwé wà nínú wọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí àwọn ará ibí tí wọ́n ń jókòó síta wo òjò, mo rò pé orí wọn ò pé, àṣé ọ̀nà tí àwọsánmọ̀ ń yí sí ni wọ́n ń wò.

AgbeOkeOgun:
Ọlọ́run ma jẹ̀ẹ́ kí a rí irú ẹ̀ níbí. Ààjà tiwa kàn ń gbé ewé ni.

AbokiBaalu:
Ẹ jọ̀ọ́, wind shear tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé òun náà ni wọ́n ní ó máa ń já bàlúù?

OjuSanmo:
Ìbátan ni wọ́n, àmọ́ ìyẹn nítòsí ilẹ̀ ni. Atẹ́gùn tútù tó já wálẹ̀ yẹn, tó bá balẹ̀ á tàn káàkiri, bàlúù tó bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀ lójú ẹ̀ á kọ́kọ́ rí atẹ́gùn níwájú, kí páìlọ́ọ̀tì tó mọ̀ atẹ́gùn ti bọ́ sẹ́yìn, bàlúù á pàdánù agbára tó fi ń léfòó. Ẹ rántí October 29, 2006 ní Abuja, bàlúù tó ń lọ Sókótó, èèyàn 96 ló bá a lọ, Sultan Maccido ti Sókótó wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí ní páìlọ́ọ̀tì gbéra nínú ojú ọjọ́ tó hàn gbangba pé kò dáa. Látìgbà yẹn tí wọ́n bá ní kí n jókòó dúró ní pápákọ̀ nítorí ìjì, mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Iya_Tomi_Luton:
Ẹ̀yin ará ilé ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọ̀ wa ní UK ìwọ̀ oòrùn ni tiwa ti ń bọ̀, láti orí òkun Àtìláńtíìkì. February 18, 2022 tí Storm Eunice dé, wọ́n wọn atẹ́gùn tó jẹ́ máìlì 122 láàárín wákàtí kan ní Needles, ní Isle of Wight, England ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ó fa òrùlé O2 Arena ya ní London. Mo wo fídíò àwọn bàlúù tó ń balẹ̀ ní Heathrow lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń fì sọ́tùn-ún sósì, mo ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù nínú yàrá mi, bẹ́ẹ̀ èmi ò sí nínú bàlúù o. Wọ́n ní jet stream ló fà á, àmọ́ mo rò pé jet stream ń gbé ìjì kiri ni, ṣé òun ló tún ń dá a sílẹ̀?

NormanBoy_OK:
Àǹtí, ó ń gbé e kiri, ó sì tún ń fún un lágbára. Jet stream ò fẹ́ lọ tààrà, ibì kan wà tó ti ń yára, ibì kan wà tó ti ń rọra, àwọn ibì kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òkè ti ń tú ká. Tí afẹ́fẹ́ òkè bá ń tú lọ ju bí ti ilẹ̀ ṣe ń dí àyè ẹ̀ lọ, ẹrù afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀ á fúyẹ́, atẹ́gùn ilẹ̀ á máa rọ́ lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo, á sì máa yí. Ìjì yín nìyẹn. Ẹ rántí February 2020 nígbà Storm Ciara, jet stream yẹn le débi pé bàlúù kan kúrò ní New York ó dé London láàárín wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ń dúpẹ́ pé àwọn tètè dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ ẹ̀ ń wá páálí tí atẹ́gùn gbé lọ.

Iya_Tomi_Luton:
Páálí kọ́, bíìnì ni! Bíìnì aládùúgbò wa ló dé ọ̀dọ̀ mi.

AkekooItan:
Mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ sí i. Ọ̀gbẹ́ni ará Japan kan wà, Wasaburo Oishi, òun ló ń fi bàlúùnù wọn atẹ́gùn òkè ní Tateno láàárín ọdún 1920 sí 1930, ó rí atẹ́gùn líle yẹn lókè Japan, ó kọ ọ́ jáde ní 1926. Èdè wo ló fi kọ ọ́? Esperanto, èdè àtọwọ́dá! Ó fẹ́ kí gbogbo ayé lè kà á, kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tó di 1944 tí àwọn Amẹ́ríkà ń fi bàlúù ogun B-29 ju bọ́ǹbù ní Japan, àwọn páìlọ́ọ̀tì wọn wọ inú atẹ́gùn yìí, bọ́ǹbù wọn ń bọ́ síbi tí wọn ò fojú sùn. Àwọn Japan náà wá so bọ́ǹbù mọ́ bàlúùnù, wọ́n tú wọn sínú atẹ́gùn kan náà kó gbé wọn sọdá òkun Pàsífíìkì lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀kan pa èèyàn 6 ní Oregon ní May 1945, ọmọdé ni 5 nínú wọn.

Omo_Sabe:
Ẹ ǹ lẹ́ o, láti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Lórí ọ̀rọ̀ bàlúùnù, wọ́n wá ṣe é nílùú wa ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2016, iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní DACCIWA, ibi mẹ́ta ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí, Ṣábẹ̀ẹ́, Ilé-Ifẹ̀ àti Kumasi ní Gánà. Bàlúùnù funfun ńlá ni, wọ́n á fi gáàsì kún un, páálí kékeré kan á so rọ̀ nídìí ẹ̀ tó ń fi ooru, omi inú afẹ́fẹ́ àti ibi tí atẹ́gùn gbé e lọ ránṣẹ́. Wọ́n ní ó lè gòkè dé bíi kìlómítà 30, bó ṣe ń lọ ló ń wú sí i títí á fi bẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n OjuSanmo ni pé ìkùukùu ilẹ̀ ni wọ́n wá wò, wọn ò wá wo ìjì. Kí ló dé tí ìjì kì í fi í sí tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Inú òjò la kúkú wà.

AgbeOkeOgun:
Òun lèmi náà fẹ́ bi wọ́n. Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì. Òjò á dáwọ́ dúró, ojú ọjọ́ á dúdú, kò ní rọ̀, kò ní là, àgbàdo ò ní gbẹ.

OjuSanmo:
AEJ ò sí lórí yín mọ́ ló fà á, ní pàtàkì. Ó máa ń tẹ̀ lé oòrùn. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ó ń kọjá lórí wa lọ sókè, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ padà, ẹ wò ó, ìgbà méjèèjì yẹn ni ìjì ń ṣí páànù. Tó bá di oṣù kẹjọ ó ti wà lókè Kánò àti Sókótó lọ́hùn-ún, àwọn ló wá ń rí ìlà òjò oníjì nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú òjò ọdún wọn inú ìyẹn ló ti ń wá. Nígbà kan náà omi òkun wa ń tutù, nítorí omi ìsàlẹ̀ ń ru sókè lẹ́bàá Gánà àti Ivory Coast, atẹ́gùn tó ń ti orí ẹ̀ wá ò ní ooru tó lè gbé òjò ga. Ìkùukùu ilẹ̀ ló ń dì, ọ̀rìnrìn, iba díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì fi ọkàn balẹ̀ jù o, August 31, 1980 ni Ògùnpa gbé èèyàn lọ ní Ìbàdàn, August 26, 2011 náà tún ṣẹlẹ̀. Bíréèkì kì í ṣe ìwé àdéhùn.

MiamiAderonke:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, nítorí òjò yín yìí ló ń wá bá wa níbí. Ẹ rò pé mo ń ṣeré ni? Họ́ríkéènì Irma, ìjì ńlá orí òkun ti 2017, àwọn ará National Hurricane Center kọ ọ́ pé láti etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ti gbéra ní August 27, August 30 ó ti gba orúkọ, nígbà tó máa fi dé àwọn erékùṣù Camagüey ní Cuba ní alẹ́ September 8 ó ti di Category 5, ìpele tó ga jù, September 10 ó wọ Florida. Gbogbo wa ló sá. Epo tán ní ilé epo, mo wà nínú gó-síló títí ilẹ̀ fi ṣú. Aládùúgbò mi kan, ìyá arúgbó ará Cuba, ní òun ò lọ síbì kankan, ó ní òun ti bá Oyá sọ̀rọ̀. Bàbá Ọdẹ, mo rántí yín nígbà tí mo rí oríkì yẹn lókè.

BabaOde_77:
Ẹ ṣé ọmọ mi. Ẹ bá mi kí ìyá náà. Ṣé ilé wọn ò wó?

MiamiAderonke:
Kò wó sà. Gíláàsì wíńdò kan ló fọ́. Wọ́n ṣì wà, wọ́n á máa bú mi pé mo sá.

OjuSanmo:
Òótọ́ ló sọ. AEJ kì í lọ gbọọrọ, ó máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kọ́lọkọ̀lọ yẹn là ń pè ní easterly wave, ní ọjọ́ 3 sí 5 ọ̀kan á kọjá, bíi 60 lọ́dún. Àwọn ìlà òjò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń kó ara wọn jọ sínú ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù kì í dà nǹkan kan lórí òkun, wọ́n á kàn kú ni, àmọ́ bíi 85 nínú 100 àwọn họ́ríkéènì ńláńlá inú Àtìláńtíìkì, inú wọn ló ti ń jáde. Ẹ má wá rò pé òjò tó rọ̀ ní Ìwó lánàá ló ń lọ wó ilé ní Florida o, èyí tó rọ̀ ní Ìwó ti rọ̀ tán. Ọwọ́ atẹ́gùn òkè tó ń darí wọn ló jẹ́ ọ̀kan.

OmoIwo:
Ẹ dúró ná. Bọ̀dá Norman ní atẹ́gùn òkè tó le ló ń mú kí ìjì wọn burú, ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa tiwa. Ṣé bí atẹ́gùn òkè bá ṣe le tó lórí òkun ni họ́ríkéènì náà ṣe máa burú tó?

NormanBoy_OK:
Ó yí padà níbẹ̀ bọ̀dá mi! Họ́ríkéènì kórìíra wind shear. Òun fẹ́ kí ooru tó ń ti ojú òkun gòkè dúró gangan lórí ojú ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ ga sókè láìtẹ̀. Tí atẹ́gùn òkè bá le jù, á tì í lórí, á ya orí ẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀, á sì tún ki afẹ́fẹ́ gbígbẹ bọ inú ẹ̀. Mo ti rí i lórí sátẹ́láìtì, ojú ìjì á wà ní gbangba ìhòòhò, òjò ẹ̀ ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé ọdún El Niño, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, họ́ríkéènì ń dínkù ní Caribbean, torí El Niño ń mú kí atẹ́gùn òkè ibẹ̀ le.

MiamiAderonke:
Bọ̀dá, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ní 2023 náà, El Niño wà, ìjì 20 ló gba orúkọ. Idalia wá bá Florida pẹ̀lú El Niño ẹ̀.

NormanBoy_OK:
Àǹtí ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ 😅 Òkun Àtìláńtíìkì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lọ́dún yẹn ni, ooru rẹ́pẹtẹ, ó borí ohun tí atẹ́gùn òkè fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 20 yẹn náà ò sì wọ Caribbean, àárín òkun ni wọ́n yí sí.

MiamiAderonke:
Mo gbọ́, àmọ́ ẹni tó bá ní kí n má ra omi àti báńtìrì sílẹ̀ torí El Niño, mi ò dá a lóhùn.

OjuSanmo:
OmoIwo, ọ̀rọ̀ méjèèjì tó o gbọ́ nípa shear ló tọ̀nà, shear kan náà ló wà, àmọ́ oúnjẹ tí ìjì ń jẹ yàtọ̀ síra. Ìjì orí ilẹ̀ tiwa àti ti Oklahoma, atẹ́gùn tútù tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ni ọ̀tá ẹ̀, shear ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Họ́ríkéènì ooru òkun ló ń jẹ, ohunkóhun tó bá tú ìkòkò ẹ̀ ká ọ̀tá ni.

Sisi_Mushin:
Èmi kàn fẹ́ mọ̀ ni o, fóònù mi ní "thunderstorm 60%" lójoojúmọ́ láti oṣù kẹrin. Ewo ni kí n gbà gbọ́, fóònù àbí Màmá?

OjuSanmo:
Fún ọ̀la, ẹ wo ti NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ìjì lè wà ní ìpínlẹ̀ báyìí báyìí láti àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Fún wákàtí kan sí àsìkò yìí, sátẹ́láìtì dáa, Ìkòròdú náà dáa. Màmá ò jẹ̀bi.

OmoIwo:
Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú. Ilé adìẹ mi, ẹ̀gbẹ́ gígùn ẹ̀ ló kọjú sí ìlà oòrùn, wáyà nìkan ló wà níbẹ̀. Tí ìjì bá dé báyìí tààrà ló ń gbà wọlé, ìdọ̀tí ilẹ̀ á rin gbindin, àwọn adìẹ á kó ara wọn jọ sí igun kan, mélòó kan á sì ti kú mọ́lẹ̀ kí n tó débẹ̀. Kí ni mo lè ṣe tí kò ní ná mi lówó púpọ̀?

AgbeOkeOgun:
Ẹni tó bá ọ kọ́ ilé yẹn kò bi àgbà léèrè. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ilé ló yẹ kó kọjú sí ìlà oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ náà ò ní máa wọlé bá wọn. Ó ti bọ́ ná. Ra tapólì, so ó mọ́ òkè ní ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn nìkan, kó o ká a sókè lójúmọmọ kí ooru má pa wọ́n, tí apá Ẹdẹ bá ti dúdú kó o jù ú sílẹ̀, kó o de ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Páànù tó wà létí ẹ̀gbẹ́ yẹn, fi ìṣó onífìlà kún un, ibẹ̀ ni ìjì máa ń kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀.

OjuSanmo:
Kó o tún gbin igi sí apá ibẹ̀, Bàbá mọ èyí tó dáa.

AgbeOkeOgun:
Agúnmániyè. Gé ẹ̀ka ẹ̀ kó o rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, á hù, ìlà méjì. Má gbin mẹ̀láínà sítòsí ilé o, á ya lù ọ́. Jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ kó má baà gba atẹ́gùn àtàárọ̀ lọ́wọ́ àwọn adìẹ. Tó o bá wá Ṣakí wá kó ẹ̀ka lọ́dọ̀ mi, ó pọ̀ nílẹ̀.

OmoIwo:
Bàbá mo ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.